Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe yẹtí, ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ò ní pa ẹnikẹ́ni lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sín bíìdì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ká wáyà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rọ idẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni kọ́sítọ́mà mi kan mú ọmọ ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, etí ọmọ náà wú, ó pọ́n, omi ń jáde níbẹ̀, yẹtí tí mo tà fún un ló fà á. Mi ò mọ nǹkan tó wà nínú ìkọ́ yẹtí yẹn. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ náà ò mọ̀, "góòlù ni wọ́n fi bò ó" ló ṣáà ń tẹnu mọ́. Mo dá owó obìnrin yẹn padà, mo bẹ̀ ẹ́ títí, àmọ́ nígbà tó lọ tán mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo wo gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀, mo wá rí i pé nínú nǹkan bí ogún, mẹ́ta péré ni mo lè sọ ibi tó ti wá.

Orí tábìlì yẹn náà ni kẹ́yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wáyà, ìkọ́ etí, ṣéènì, bíìdì, okùn, gùlúù, títí dórí ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń dì í fún kọ́sítọ́mà. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta níwájú ẹ̀: kí ni wọ́n fi ṣe é, ta ló ṣe é, kí ló máa dà tó bá bàjẹ́? Ibi tẹ́ ẹ ò bá ti mọ̀, ẹ kọ "mi ò mọ̀" síbẹ̀, ẹ má parọ́ fún ara yín. Tèmi lọ́jọ́ yẹn, "mi ò mọ̀" ló kún ojú ìwé. Iṣẹ́ tó kàn ni pé kẹ́ ẹ máa dín "mi ò mọ̀" yẹn kù díẹ̀díẹ̀, kódà bó ṣe ẹyọ kan lóṣù kan, torí owó lẹ fi ra ọjà tó wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ dà sórí ààtàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó bá lè ṣe ọmọ èèyàn léṣe nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ má tà mọ́, àní láti òní lọ.

Irin ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí òun ló ń wọnú ihò etí, òun náà lọmọdé ń fi sẹ́nu. Àwọn mẹ́ta kan wà nínú ẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa: òjé, kádímíọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì.

Òjé rọ̀, ó wúwo, kì í wọ́n, kíá ló ń yọ́, ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe ọjà pọ́ọ́kú fi fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí nǹkan wúwo lọ́wọ́ bí ojúlówó. Àmọ́ májèlé ni. Lọ́dún 2006, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́rin kan gbé ọ̀ṣọ́ kékeré kan mì, ara nǹkan tí wọ́n fi ń ta àwọn tó ra bàtà lọ́rẹ ni, òjé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, ọmọ náà kú. Nílé wa níbí, ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, òkúta táwọn òbí wọn ń lọ̀ láàárín ilé kí wọ́n lè rí wúrà yọ ló ní òjé nínú, eruku ẹ̀ sì bà sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré, sórí oúnjẹ, sínú omi. Wúrà ni wọ́n ń wá o, wúrà tó máa padà di òrùka àti ṣéènì lọ́rùn ẹni tí ò gbọ́ orúkọ abúlé yẹn rí. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn, pé a lè ṣe ara wa lóge tán ká má mọ ẹni tó sanwó ẹ̀.

Bí òjé ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù tiwa, ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí i. Èkíní ni léèdì táwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà. Orúkọ ẹ̀ gan-an ti sọ̀rọ̀ tán, léèdì lòyìnbó ń pe òjé. Oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, nínú ìdá 100, tánńganran (tin) kó 60, òjé kó 40. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi í lẹ òrùka àti ẹ̀gbà mọ́ra torí ó pọ́ọ́kú, ó sì wà ní gbogbo àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ ohun tó máa kan ara èèyàn. Oríṣi tí ò ní òjé wà, tánńganran pẹ̀lú bàbà díẹ̀ tàbí fàdákà díẹ̀ ni, wọ́n ń kọ ọ́ sára ike tí wọ́n fi ká a pé "lead free", ó wọ́n díẹ̀, ó sì ń fẹ́ iná tó gbóná ju tàtijọ́ lọ, kẹ́ ẹ má bínú tí ò bá tètè yọ́. Ọ̀nà kejì ni idẹ àlòkù. Yíyọ́ idẹ àlòkù dáa, èmi gan-an ń ṣe é, kò sí ìdí tá a fi máa wa ilẹ̀ tuntun nígbà tí idẹ kún orí àkìtàn, àmọ́ idẹ tí wọ́n fi ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi àti kọ́kọ́rọ́, wọ́n sábà máa ń fi òjé sí i kó lè rọrùn láti gé, ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà wáyà idẹ, páànù idẹ pẹlẹbẹ, ṣéènì àtijọ́, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣà. Ẹnu ẹ̀rọ àti kọ́kọ́rọ́, ẹ tà wọ́n fún àwọn tó ń rọ nǹkan tí ò ní kan ara. Ọ̀nà kẹta lọ̀pọ̀ ò mọ̀ rárá: ásíìdì tí wọ́n dà jáde nínú bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, táwọn kan fi ń fọ irin tó ti dúdú. Òjé ló wà nínú bátìrì yẹn, òjé ti bá ásíìdì yẹn lò pọ̀ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ẹ wá ń ti ọwọ́ àti yẹtí bọ̀ ọ́.

Kádímíọ̀mù ní tiẹ̀, nígbà tí òfin le mọ́ òjé ní Amẹ́ríkà làwọn ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà fi í rọ́pò, àwọn oníròyìn ló tú àṣírí ẹ̀ lọ́dún 2010 pé ó wà nínú ọ̀ṣọ́ àwọn ọmọdé. Ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì kì í pààyàn bíi tiwọn, àmọ́ òun ló ń fa kí etí máa wú, kí ọrùn máa yún, òun ló sì ṣeé ṣe kó ṣe ọmọ kọ́sítọ́mà mi yẹn. Ẹni tára ẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ báyìí, títí ayé lara ẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Yúróòpù ti ṣòfin lórí níkẹ́ẹ̀lì látọdún 1994. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà fáwọn èèyàn wa ní London àti ní Yúróòpù, ẹ kọ nọ́ńbà yìí síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i: òjé nínú ọ̀ṣọ́ ò gbọ́dọ̀ tó 0.05% ìwọ̀n ẹ̀, kádímíọ̀mù ò gbọ́dọ̀ tó 0.01%. Ní Amẹ́ríkà, ohun ọmọdé, òjé ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 100 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ Ìbàdàn fi máa wọ ohun tí wọn ò ní jẹ́ kọ́mọ London wọ̀, nọ́ńbà yẹn náà ni mo ń lò fún gbogbo ọjà mi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín, ẹ ní kó fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tó bá ní òun ò ní, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tóun náà ti rà á. Bí márùn-ún nínú wa ní ọjà Balógun bá ń béèrè lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wá, torí ohun tóníbàárà bá ń béèrè lọlọ́jà ń kó wá. Ẹ mú irin náà, ẹ fi ha bébà funfun. Tó bá fa ilà eérú bíi pẹ́ńsù, ẹ má rà á. Tí ò bá fà á náà, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sọ pé ó mọ́, torí àwọ̀ tí wọ́n kùn sí i lè bò ó. Máńgínẹ́ẹ̀tì ò lè sọ fún yín pé òjé wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ra wúrà ńláńlá, àwọn kan lára wọn ní ẹ̀rọ X-ray kékeré tí wọ́n ń nà sí irin bí ìbọn, tó máa sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ san nǹkan díẹ̀, ẹ kó ọjà oríṣi mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ìkọ́ etí, ohun tí mò ń lò báyìí ni stainless steel tí wọ́n pè ní 316L, tàbí irin míì tí wọ́n ń pè ní titanium. Stainless steel ní níkẹ́ẹ̀lì nínú lóòótọ́, àmọ́ ó dì í mú, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde sára. Ẹni tétí ẹ̀ bá tètè máa ń wú, titanium ni kẹ́ ẹ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ti góòlù. Ẹni tó bá ti dé Òṣogbo láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tó rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí ọ̀gbàrá ojú títì, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí i. Igbó tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005 ni odò yẹn gbà kọjá, ẹ̀yìn náà la wá ń rí àwọn tó ń wa wúrà lápá Iléṣà tí wọ́n ń fọ ilẹ̀ sínú odò. Ibi púpọ̀ láyé ni wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, kó wúrà jọ, wọ́n á pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á wá fi iná sun mẹ́kúrì náà kúrò, èéfín ẹ̀ á lọ sínú ọpọlọ ẹni tó ń sun ún, èyí tó kù á lọ sínú ẹja. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí mẹ́kúrì tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2013, Minamata ni wọ́n pè é, orúkọ ìlú kan ní Japan táwọn èèyàn ẹ̀ jẹ ẹja mẹ́kúrì. Góòlù tín-ín-rín tí wọ́n fi ń bo yẹtí olówó pọ́ọ́kú, ilẹ̀ kan náà ló ti jáde, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ló máa fi bó kúrò tí irin abẹ́ ẹ̀ á sì yọjú. Àti pé sáyánáìdì, májèlé tó le gan-an, ló sábà máa ń wà nínú omi tí wọ́n fi ń bo nǹkan ní góòlù, ẹni tó bá ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ ilé, gọ́tà ló ń dà á sí.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ idẹ ni, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ idẹ. Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀, afidẹrẹmọ ni wọ́n ń kì í, wọn ò kì í ní afigóòlùrẹmọ. Ẹ sọ fún kọ́sítọ́mà pé ó máa dúdú tó bá yá, kẹ́ ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa fọ̀ ọ́: ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀, kó fi aṣọ rírọ̀ ra á, kó ṣàn án lómi, kó nù ún gbẹ kíá. Èèyàn á máa rò pé kọ́sítọ́mà ò ní gbà. Wọ́n ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ góòlù dandan, ẹ ní kó mú ti màmá ẹ̀ tó ti já wá, kẹ́ ẹ bá a yọ́ ọ.

Ti bíìdì ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, torí níbẹ̀ làwa gan-an ti ṣáájú. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì náà, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì yẹn látilẹ̀, kì í ṣe pé àwọn Lárúbáwá tàbí Òyìnbó gbé e wá. Kí Òyìnbó àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ ojú omi débí ni. Mo ń sọ ọ́ torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ra bíìdì ike láti òkè òkun nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń fi ìgò àlòkù ṣe bíìdì wà nítòsí. Àwọn Masaga ní Bidá, láàárín àwọn Nupe, iná àti ìgò ni wọ́n fi ń ṣe é títí dòní, ìgò bíà, ìgò mínírà. Ní Gánà, àwọn Krobo máa ń gún ìgò kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù amọ̀, wọ́n á wá ti igi ewé pákí bọ àárín ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e sínú ààrò, igi pákí yẹn á jóná tán, ihò okùn ló máa kù níbẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ga lójú mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ rán ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ẹ má bá wọn nájà títí ẹ̀mí á fi bọ́ lọ́rùn wọn, iwájú iná ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀. Ẹ sanwó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san ìyókù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbọjà. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e sórí Instagram, ẹ kọ ibi tó ti wá síbẹ̀. Àwọn kan á kọ "a ṣe é ní Èkó", bẹ́ẹ̀ okùn nìkan ni wọ́n fi sín in l'Ékòó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gún ìgò fúnra yín, ẹ bo imú dáadáa kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i, eruku gíláàsì ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Iyùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ti ìyàwó, ẹ fara balẹ̀. Iyùn gidi kì í ṣe òkúta, ẹ̀dá inú òkun ni, kì í sì í yára dàgbà, kò tó mílímítà kan tó fi ń sanra lọ́dún kan, nítorí náà iyùn tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi ju bàbá bàbá wa lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyàwó ni pé kó béèrè nínú ẹbí kó tó ra tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà á wà nínú àpótí níbì kan, kó yá a wọ̀, tàbí kó fi gíláàsì pupa ṣe é, kẹ́ ẹ sì pè é ní gíláàsì. Ẹ má pe gíláàsì ní iyùn gbowó lọ́wọ́ ẹni. Eyín erin, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn, látọdún 1989 làwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti dá òwò ẹ̀ dúró, ẹni tó bá gbé e gba pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ìwo màlúù, eegun màlúù, èèpo àgbọn ń bẹ, ilé ìpẹran ń dà á nù lójoojúmọ́, ẹ sè é, ẹ fá a, ẹ dán an, ó máa ń dára bí i pé kò sí nǹkan tó tó o.

Ti ara yín náà ńkọ́? Gùlúù tó ń rùn gan-an, òórùn yẹn kì í ṣe ti eré, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti lò ó tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ má lò ó nínú yàrá tọ́mọ ń sùn. Okùn tẹ́ ẹ so kókó ẹ̀ dáadáa ò tiẹ̀ nílò gùlúù. Fún fífọ irin, dípò ásíìdì bátìrì, ẹ lo ásíìdì ọsàn tí wọ́n ń tà ní ẹ̀tù, ẹ fi omi gbígbóná pò ó, ó ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Tí omi náà bá ti di àwọ̀ ewé tàbí búlúù, bàbà ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ má dà á sí gọ́tà, torí bàbà ń pa ẹja. Ẹ dà á sínú ike gbòòrò tọ́mọdé ò lè dé ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ gbẹ tán, ìdọ̀tí á kù sísàlẹ̀. Ẹ kó ìdọ̀tí náà sínú ike tó ní ìdérí, ibi tọ́mọdé ò ti lè dé. Tèmi ti ọdún méjì ò tíì kún ike bọ́tà kan.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀. A kì í fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ á wá kọ́ bíìdì fún ọdún kan, oṣù mẹ́fà nínú ẹ̀ omi ló máa fi ń pọn, ọmọ ọ̀gá ló máa fi ń pọ̀n, tó bá wá di àsìkò ìgbéyàwó òun náà ló máa sín ìlẹ̀kẹ̀ títí di aago méjì òru láìgba kọ́bọ̀. Àwa náà ṣe é bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ó dùn mí nígbà yẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, iṣẹ́ tí kọ́sítọ́mà bá sanwó ẹ̀, ẹni tó bá sín in ń gba tiẹ̀ níbẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe pé kò tíì gba fúrídọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá ń díyelé ọjà, wákàtí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ká ní bíìdì jẹ́ náírà 3,000, ìkọ́ àti okùn 800, ó gbà yín ní wákàtí mẹ́ta, wákàtí kan sì jẹ́ 1,500, iye tó ti ná yín jẹ́ 8,300 kẹ́ ẹ tó gbé èrè lé e. Ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀ ní 5,000, ẹnì kan ló ń fi òógùn ẹ̀ san ìyókù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Nípa ohun tẹ́ ẹ máa kọ sára ọjà, ẹ má kọ "eco-friendly", kò sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀: "Bíìdì yìí, ìgò àlòkù, Bidá. Ìkọ́, stainless steel 316L. Okùn, nálọ́ọ̀nù, mi ò tíì rí òmíì tó lágbára tó o." Káàdì kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi sínú bébà tí mo fi ń dì í, mi ò lo ọ̀rá mọ́.

Kẹ́ ẹ sì máa gba àtúnṣe. Èyí tó bá já, kí wọ́n gbé e padà wá, ìgbà àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ wá, ti ìyá àgbà tàbí ti olóògbé, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya á kẹ́ ẹ tó gé okùn, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tò tẹ́lẹ̀. Ẹ kà á níwájú ẹni tó ni ín. Ẹ fi omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má ki kẹ́míkà bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń sín in padà, ẹ ta kókó sáàárín ẹyọ kan sí èkejì, tó bá tún já lọ́jọ́ iwájú, ẹyọ kan ni yóò já bọ́, ìyókù á dúró. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dì í sínú bébà kékeré, kẹ́ ẹ fún un padà, kódà kó ṣe ẹyọ kan ṣoṣo.